Èéfín Ẹ̀rọ Dísẹ̀lì tí Ó Ń Lo Epo Ewéko: Ohun tí Ojú Rí àti Ohun tí Ojú Kò Rí

Ìfáàrà

Ẹni tí ó bá ń gbé ní Ìbàdàn, Èkó, Òṣogbo tàbí Àkúrẹ́ kò nílò kí ẹnikẹ́ni júwe èéfín dísẹ̀lì fún un. Ó ń rí i lẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù tí ó ń gun òkè. Ó sì ń rí i lára ògiri tí ẹ̀rọ amúnáwá ti sọ di dúdú lẹ́yìn ilé ìfowópamọ́, ilé ìwòsàn àti ọgbà ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di ti ọ̀nà tí a lè gbà dín èéfín yìí kù, ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n sábà máa ń dárúkọ ni epo ẹ̀rọ tí a ṣe láti ara èso àti kóró ohun ọ̀gbìn, èyí tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní báyódísẹ̀lì. Àwọn kan gbà pé epo náà mọ́ tónítóní. Àwọn mìíràn ní àsọdùn ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń parí ọ̀rọ̀ náà nínú kíláàsì: 'Ó mọ́ ju dísẹ̀lì lọ.'

Iṣẹ́ yìí ṣe àlàyé ìdí tí gbólóhùn yẹn kò fi tó. Àkópọ̀ oríṣiríṣi nǹkan ni èéfín. Báyódísẹ̀lì ń dín àwọn kan kù gidigidi, ó ń fi díẹ̀ kún ọ̀kan, òmíràn sì wà tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà rárá lẹ́nu sàlẹ́ńsà, tí ó jẹ́ pé inú oko ni a ti lè mọ̀ bóyá ó dín kù lóòótọ́. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní gbogbo alángbá ni ó da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ èéfín rí. Èyí tí ó dúdú jù lójú lè má jẹ́ òun nìkan ni ó ń pani lára, èyí tí ojú kò sì rí lè jẹ́ òun gan-an ni ó yẹ kí a sá fún.

Àwọn ọ̀rọ̀ ìperí

Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà, nínú èyí tí wọ́n ti fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀kọ́, títí kan sáyẹ́ǹsì. Ohun kan tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń béèrè ni pé kí ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ ń lò dúró lórí ìtumọ̀ kan. Nítorí náà, báyìí ni a ṣe lo àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí níhìn-ín:

(a) Epo ewéko: epo tí a fún láti ara èso tàbí kóró ohun ọ̀gbìn, bí epo pupa, àdín, òróró ẹ̀pà àti òróró sóyà, tí a kò tíì yí padà sí nǹkan mìíràn.

(b) Báyódísẹ̀lì: epo ewéko tí a ti fi ẹ̀mí ọtí yí padà kí ó lè ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ dísẹ̀lì.

(d) Kábọ̀nù ọlọ́síjìn-kan àti kábọ̀nù ọlọ́síjìn-méjì: afẹ́fẹ́ méjì tí àmì wọn jẹ́ CO àti CO2. Èkínní jẹ́ májèlé tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Èkejì ni èyí tí ènìyàn ń mí síta, tí ewé ń gbà láti fi ṣe oúnjẹ, tí ó sì ń mú kí ayé máa gbóná bí ó bá pọ̀ jù lójú sánmà.

(e) Náítírójìn ọlọ́síjìn: orúkọ kan fún àwọn afẹ́fẹ́ tí ó jẹ́ àdàlù náítírójìn àti ọ́síjìn, tí àmì wọn jẹ́ NOx.

(ẹ) Èérún èéfín: àwọn èérún dúdú kéékèèké tí ó ń fò nínú èéfín, tí ó ń lẹ̀ mọ́ ògiri, tí ó sì ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró.

Bí epo ewéko ṣe kọ́kọ́ wọ inú ẹ̀rọ dísẹ̀lì

Rudolf Diesel, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí wọ́n bí ní Paris ní ọdún 1858, ni ó ṣe ẹ̀rọ tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ọdún 1897 ni ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ yanjú ní ìlú Augsburg. Níbi ìpàtẹ àgbáyé tí ó wáyé ní Paris ní ọdún 1900, ilé-iṣẹ́ Otto pàtẹ ẹ̀rọ dísẹ̀lì kékeré kan tí ó ń lo òróró ẹ̀pà. Gẹ́gẹ́ bí Diesel fúnra rẹ̀ ti sọ ní ọdún 1912, ìjọba ilẹ̀ Faransé ni ó fẹ́ kí wọ́n dán an wò, nítorí pé ẹ̀pà pọ̀ ní àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tí ó wà lábẹ́ àkóso rẹ̀, ó sì fẹ́ kí àwọn ilẹ̀ náà lè pèsè agbára fún ara wọn láìra èédú tàbí epo láti òkèèrè. Ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ dáadáa débi pé ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ni ó mọ̀ pé òróró ẹ̀pà ni ó wà nínú rẹ̀.

Epo pupa náà kò gbẹ́yìn. Ní ọdún 1937, wọ́n fún G. Chavanne ti Yunifásítì Brussels ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ní ìwé àṣẹ olùpilẹ̀ṣẹ̀ lórí ọ̀nà tí ó gbà fi ẹ̀mí ọtí yí epo ewéko padà sí epo ẹ̀rọ. Kóńgò, tí Bẹ́ljíọ̀mù ń ṣe àkóso rẹ̀ nígbà náà, ni epo pupa tí wọ́n lò ti wá. Ní ọdún 1938, bọ́ọ̀sì akérò kan lo irú epo bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà Brussels sí Louvain.

Ó yẹ kí a ṣàkíyèsí pé kò sí ẹni tí ó ń ronú nípa èéfín nínú ìtàn méjèèjì yìí. Ohun tí wọ́n ń wá ni epo tí kò ní ṣe àìtó. Bí epo rọ̀bì ṣe pọ̀ tí ó sì dínwó, wọ́n gbàgbé epo ewéko. Ìgbà tí epo rọ̀bì gbówó lórí láti ọdún 1973 ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tún rántí rẹ̀, lẹ́yìn náà ni àwọn onímọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ohun tí ó ń jáde lẹ́nu sàlẹ́ńsà.

Bí epo ọbẹ̀ ṣe ń di epo ẹ̀rọ

Ẹ̀rọ dísẹ̀lì kò ní pílọ́ọ̀gì tí ń ṣáná bí ti ẹ̀rọ tí ń lo bẹntiróòlù. Afẹ́fẹ́ ni ó ń kì mọ́lẹ̀ títí tí afẹ́fẹ́ náà yóò fi gbóná janjan. Lẹ́yìn náà ni nọ́sù yóò fín epo sí i bí ìrì, tí epo yóò sì gbiná fúnra rẹ̀. Bí epo bá ti fọ́n wẹ́wẹ́ tó ni yóò ti jóná kúnná tó. Ibí yìí ni ìṣòro epo ewéko ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ó ki. Kíki rẹ̀ lè tó ìlọ́po mẹ́wàá ti dísẹ̀lì. Nọ́sù kò lè fín in dáadáa. Yóò máa kán tótó dípò kí ó fọ́n ká. Apá kan kò ní jóná tán, yóò sì di èérún dúdú tí yóò dí ẹnu nọ́sù, tí yóò lẹ̀ mọ́ inú ẹ̀rọ, tí yóò sì sọ èéfín di púpọ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá bu epo ewéko lásán sínú táǹkì kò tíì lo báyódísẹ̀lì, àǹfààní tí iṣẹ́ yìí fẹ́ sọ kò sì sí fún un.

Ẹni tí ó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń se ọṣẹ dúdú kò ní jìnnà sí òye bí wọ́n ṣe ń yí epo padà. Nínú epo kọ̀ọ̀kan, gílísáríìnì kan ni ó di okùn ọ̀rá mẹ́ta mú pọ̀, bí ọwọ́ kan ṣe lè di okùn ewúrẹ́ mẹ́ta mú. Nígbà tí ọlọ́ṣẹ bá da omi eérú sí àdín, tí ó sì gbé e kaná, omi eérú yóò já okùn wọ̀nyí gbà lọ́wọ́ gílísáríìnì, okùn kọ̀ọ̀kan yóò sì di ọṣẹ. Ẹni tí ó ń ṣe báyódísẹ̀lì ń ṣe ohun tí ó jọ èyí, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ọtí tí wọ́n ń pè ní mẹ́tánọ́ọ̀lù ni ó ń fún okùn náà dì mọ́. Kọ́sítíìkì sódà tàbí ìbátan rẹ̀ díẹ̀ ni ó ń lò láti mú iṣẹ́ náà yá. Bí iṣẹ́ bá parí, gílísáríìnì yóò sọ̀kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀, báyódísẹ̀lì yóò sì léfòó. Bí epo bá jẹ́ 100 kílógíráàmù, mẹ́tánọ́ọ̀lù yóò tó nǹkan bí 10. Ohun tí yóò ti inú rẹ̀ jáde ni nǹkan bí 100 kílógíráàmù báyódísẹ̀lì àti nǹkan bí 10 kílógíráàmù gílísáríìnì.

Àjọbí ọṣẹ àti báyódísẹ̀lì yìí ni ó fà á tí epo tí ó ti kan tàbí tí omi wà nínú rẹ̀ fi máa ń ba iṣẹ́ jẹ́: ọṣẹ ni yóò dà mọ́ alápò lọ́wọ́. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni dán iṣẹ́ yìí wò ní ilé ìdáná tàbí nínú kíláàsì. Májèlé tí ó lè fọ́ni lójú ni mẹ́tánọ́ọ̀lù, kíá ni ó sì ń gbiná.

Níkẹyìn, báyódísẹ̀lì kò ki tó epo tí wọ́n fi ṣe é. Ó sún mọ́ dísẹ̀lì débi pé nọ́sù lè fín in. Bí ó bá dá wà láìsí àdàlù, B100 ni orúkọ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìdá 20 nínú 100, tí ìyókù jẹ́ dísẹ̀lì, B20 ni wọ́n ń pè é.

Kí ni ó wà nínú èéfín dísẹ̀lì?

Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí ó ń jáde lẹ́nu sàlẹ́ńsà ni náítírójìn tí ó ti wà nínú afẹ́fẹ́ tẹ́lẹ̀, ọ́síjìn tí kò lò tán, oruku omi àti kábọ̀nù ọlọ́síjìn-méjì. Ìdá kékeré ni ohun tí ó ń pani lára ní tààrà, ṣùgbọ́n ìdá kékeré yìí ni ó ń dá wàhálà sílẹ̀. Ó pín sí ọ̀nà márùn-ún:

(i) kábọ̀nù ọlọ́síjìn-kan, tí ó máa ń wáyé nígbà tí epo kò bá rí ọ́síjìn tó láti jóná tán;
(ii) epo tí kò jóná tán, tí ó jáde bí oruku;
(iii) èérún èéfín;
(iv) náítírójìn ọlọ́síjìn;
(v) afẹ́fẹ́ imí ọjọ́, tí ó ń wá láti ara imí ọjọ́ tí ó wà nínú epo rọ̀bì.

Èérún èéfín ni ó ń bani lẹ́rù jù, nítorí pé púpọ̀ nínú rẹ̀ kéré débi pé irun imú kò lè dá a dúró. Ní ọdún 1988, àjọ tí ń ṣe ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ṣeé ṣe kí èéfín dísẹ̀lì máa fa àrùn náà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2012, wọ́n gbé ìdájọ́ náà sókè: wọ́n ní ẹ̀rí ti tó pé èéfín dísẹ̀lì ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Nítorí náà, kò yẹ kí a fi ojú ìmọ́tótó ògiri nìkan wo ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni fún awakọ̀, mẹkáníìkì, oníṣòwò ẹ̀bá títì, àti akẹ́kọ̀ọ́ tí fèrèsé kíláàsì rẹ̀ kọjú sí ilé ẹ̀rọ amúnáwá.

Ohun tí ó dín kù

Ní ọdún 2002, àjọ tí ń dáàbò bo àyíká ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà kó àbájáde ọ̀pọ̀ ìdánwò jọ, wọ́n sì ṣe ìṣirò ohun tí báyódísẹ̀lì ń ṣe sí èéfín ẹ̀rọ ńlá. Òróró sóyà ni ó pọ̀ jù nínú epo tí àwọn ìdánwò náà lò. Bí wọ́n bá fi B100 rọ́pò dísẹ̀lì pátápátá, epo tí kò jóná tán dín kù ní nǹkan bí 67%, kábọ̀nù ọlọ́síjìn-kan ní 48%, èérún èéfín sì ní 47%. Bí ó bá jẹ́ B20, epo tí kò jóná tán dín kù ní nǹkan bí 21%, kábọ̀nù ọlọ́síjìn-kan ní 11%, èérún èéfín sì ní 10%.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Epo rọ̀bì kò ní ọ́síjìn nínú. Inú afẹ́fẹ́ nìkan ni ó ti ń rí èyí tí yóò fi jóná. Báyódísẹ̀lì ní tirẹ̀ gbé ọ́síjìn dání, ó tó nǹkan bí 11% ìwọ̀n rẹ̀. Ibi tí afẹ́fẹ́ kò bá dé nínú ẹ̀rọ, ọ́síjìn tí epo fúnra rẹ̀ gbé wá yóò ràn án lọ́wọ́ láti jóná. Ní ti imí ọjọ́, ìwọ̀nba tí kò tó nǹkan ni ó wà nínú báyódísẹ̀lì, nítorí náà afẹ́fẹ́ imí ọjọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nínú èéfín rẹ̀.

Síbẹ̀, ó yẹ kí olùkọ́ kìlọ̀ lórí ohun tí 'dín kù' túmọ̀ sí. Bí kábọ̀nù ọlọ́síjìn-kan bá fi 48% dín kù, ó ju ìdajì lọ tí ó ṣẹ́kù. Májèlé tí ó ṣẹ́kù yìí kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Ẹni tí ó bá gbọ́ pé epo ewéko mọ́, tí ó wá torí èyí gbé ẹ̀rọ amúnáwá sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí abẹ́ fèrèsé ibi tí ènìyàn ń sùn, ti fi ẹ̀mí ara rẹ̀ àti ti ará ilé rẹ̀ wewu. Epo yòówù kí ó wà nínú ẹ̀rọ, ìta gbangba ni àyè rẹ̀.

Ohun tí ó pọ̀ sí i

Nínú ìṣirò ọdún 2002 yẹn kan náà, náítírójìn ọlọ́síjìn kò dín kù. Ó fi nǹkan bí 2% lé sí i pẹ̀lú B20, ó sì fi nǹkan bí 10% lé sí i pẹ̀lú B100. Ó lè ya akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu, nítorí pé epo kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní náítírójìn nínú. Inú afẹ́fẹ́ tí gbogbo ènìyàn ń mí ni ó ti wá, nítorí pé náítírójìn kó nǹkan bí 78% nínú afẹ́fẹ́ náà. Lójoojúmọ́, náítírójìn àti ọ́síjìn ń gbé pọ̀ láìbá ara wọn dàpọ̀. Ìgbà tí iná inú ẹ̀rọ bá gbóná kọjá nǹkan bí 1,500°C ni wọ́n ń so pọ̀ ní kíákíá. Bí iná bá ti gbóná sí i ni wọ́n ń so pọ̀ sí i.

Ohun tí ó tún mú ọ̀rọ̀ náà díjú ni pé èérún dúdú máa ń gba ooru kúrò lára iná, tí ó sì ń tàn án ká. Nígbà tí báyódísẹ̀lì bá dín èérún náà kù, iná lè gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bákan náà, nínú àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ kan, báyódísẹ̀lì máa ń tètè ti nọ́sù jáde ju dísẹ̀lì lọ díẹ̀, èyí sì ń mú kí iná tètè ràn kí ó sì gbóná. Mẹkáníìkì lè dá àkókò fífín epo padà sẹ́yìn kí náítírójìn ọlọ́síjìn lè dín kù, ṣùgbọ́n bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ jù, èérún yóò tún pọ̀. Bí a ṣe ń dí ihò kan ni òmíràn ń là.

Irú epo tí a lò náà ní ipa tirẹ̀. Àwọn olùwádìí ti rí i pé báyódísẹ̀lì tí a ṣe láti ara epo tí ó máa ń ṣàn nígbà gbogbo, bí òróró sóyà, ń mú náítírójìn ọlọ́síjìn wá ju èyí tí a ṣe láti ara epo tí ó máa ń dì lọ. Gbogbo ilé Yorùbá ni ó mọ̀ pé epo pupa máa ń dì nígbà ọyẹ́. Ohun tí ó mú un dì yìí náà ni ó mú kí báyódísẹ̀lì rẹ̀ dára díẹ̀ ní ti náítírójìn ọlọ́síjìn. Òun náà ni ó sì mú kí ó máa dì nínú táǹkì ní ilẹ̀ olótùútù. Ìwà kan náà, àǹfààní níhìn-ín, ìdènà lọ́hùn-ún.

A kò gbọ́dọ̀ fojú kékeré wo náítírójìn ọlọ́síjìn. Ó ń ta ẹ̀dọ̀fóró, pàápàá ti ọmọdé àti ti ẹni tí mímí ti ṣòro fún tẹ́lẹ̀. Bí oòrùn bá sì mú un pẹ̀lú oruku epo tí kò jóná tán, ó ń bí òsóònù sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tí a ti ń mí in símú.

Ohun tí a kò lè fi ẹnu sàlẹ́ńsà mọ̀

Kábọ̀nù ọlọ́síjìn-méjì ni ó kù. Bí a bá gbé ohun èlò ìwọ̀n sẹ́nu sàlẹ́ńsà, ohun tí yóò jáde láti inú báyódísẹ̀lì kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti dísẹ̀lì. Ìyàtọ̀ wà ní ibi tí kábọ̀nù náà ti wá. Ti dísẹ̀lì ti wà lábẹ́ ilẹ̀ láti ọdún gbọọrọ, kí ènìyàn tó wú u jáde. Ti báyódísẹ̀lì jẹ́ èyí tí ewé ọ̀pẹ tàbí sóyà fà láti ojú sánmà ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Bí ó bá jóná, ibi tí ó ti wá ni ó padà sí.

Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ ń lo ajílẹ̀, katakata ń mu dísẹ̀lì, ilé-iṣẹ́ sì ń lo iná. Ìwádìí tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 1998 ka gbogbo èyí mọ́ ọn. Ó rí i pé bí bọ́ọ̀sì ìlú bá lo B100 tí a ṣe láti ara sóyà, kábọ̀nù ọlọ́síjìn-méjì dín kù ní nǹkan bí 78% láti oko dé ojú títì, kì í ṣe 100%. Ìwádìí náà kò ka igbó tí wọ́n lè bẹ́ láti fi dá oko tuntun. Wọ́n ní, 'Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́.' Ó ní, 'Òkè ni ẹ ń wò, ẹ kò wo ìsàlẹ̀.' Bí wọ́n bá bẹ́ igbó kìjikìji kí wọ́n tó gbin ọ̀pẹ, kábọ̀nù tí ó ti wà lára igi àti nínú ilẹ̀ yóò jáde, ó sì lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kí epo tí wọ́n rí níbẹ̀ tó san gbèsè náà. Nítorí irú èyí ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe pinnu ní ọdún 2019 pé epo pupa tí a ń sọ di epo ọkọ̀ wà lára èyí tí ó léwu jù fún igbó, kí wọ́n sì dín ìlò rẹ̀ kù títí yóò fi kúrò nínú ètò wọn ní ọdún 2030. Ní ọ̀nà kejì, ilẹ̀ Indonéṣíà, tí ó ń pèsè epo pupa jù lọ lágbàáyé, fi òfin gbé ìdá báyódísẹ̀lì nínú dísẹ̀lì rẹ̀ láti 30% ní ọdún 2020 dé 40% ní ọdún 2025.

Ohun tí ó kan ilẹ̀ wa

Ní ọdún 2007, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà gbé ìlànà jáde lórí epo tí a ń ṣe láti ara ohun ọ̀gbìn. Báyódísẹ̀lì wà lára ohun tí ìlànà náà dárúkọ. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ tẹ̀ lé irú ìlànà bẹ́ẹ̀, ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí ó rò.

Èkínní ni oúnjẹ. Nàìjíríà ṣì ń ra epo pupa láti òkèèrè kún èyí tí ó ń ṣe. Epo tí kò tíì kárí ìkòkò ọbẹ̀, wàhálà ni kí ẹ̀rọ tún wá bá ènìyàn du ú. Làpálàpá, tí ọ̀pọ̀ ń gbìn ṣe ọgbà yí ilé ká, tí ènìyàn kò sì lè jẹ kóró rẹ̀ nítorí májèlé, wà lára ohun tí wọ́n gbójú lé ní nǹkan bí ọdún 2005 sí 2010; ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, èso rẹ̀ kò pọ̀ tó bí wọ́n ti rò nígbà tí wọ́n gbìn ín sí ilẹ̀ tí kò lọ́ràá. Epo àlòkù tí ó kù nínú agbada àkàrà àti ti ilé oúnjẹ kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀. Ìṣòro tirẹ̀ ni kíkó o jọ, àti pé ó máa ń kan. Ẹni tí yóò lò ó ní láti kọ́kọ́ tún un ṣe kí ó má baà di ọṣẹ.

Èkejì ni ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ àtijọ́ ni ó pọ̀ nínú àwọn tí ìṣirò ọdún 2002 dá lé lórí. Àwọn ẹ̀rọ tuntun kan ní asẹ́ tí ń gba èérún, àti ohun èlò tí ń sọ náítírójìn ọlọ́síjìn di aláìléwu padà. Lára irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ìyàtọ̀ láàárín epo méjèèjì kéré. Níbi tí ọkọ̀ tọ́kúnbọ̀ àti ẹ̀rọ amúnáwá àtijọ́ ti pọ̀, ìyàtọ̀ tí epo lè ṣe pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n B100 lè jẹ àwọn rọ́bà inú ẹ̀rọ àtijọ́, ó sì lè ṣí ìdọ̀tí tí ó ti pẹ́ nínú táǹkì kí ó fi dí asẹ́ epo.

Ẹ̀kẹta ni ìtọ́jú. Nọ́sù tí ó ti jẹ, asẹ́ afẹ́fẹ́ tí ó ti dí, ẹrù tí ó ju agbára ọkọ̀ lọ: kò sí epo tí ó lè wo èyíkéyìí nínú wọn sàn.

Bí a ṣe lè kọ́ ọ nínú kíláàsì

Olùkọ́ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fìtílà. Kí ó tan fìtílà epo pupa àti àtùpà kẹrosíìnì ní ìta gbangba, kí òun fúnra rẹ̀ di àwo funfun mú sókè iná kọ̀ọ̀kan fún ìwọ̀nba àkókò kan náà, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì fi ohun tí ó lẹ̀ mọ́ àwo méjèèjì wéra. Lẹ́yìn náà ni kí ó béèrè ìbéèrè tí ó ṣe kókó: ohun tí kò lẹ̀ mọ́ àwo ńkọ́? Láti ibẹ̀ ni yóò ti la àwọn afẹ́fẹ́ tí ojú kò rí yé wọn. Kí ó má ṣe gbàgbé láti sọ fún wọn pé iná fìtílà kì í ṣe iná inú ẹ̀rọ dísẹ̀lì. Èyí tí ó wà lórí àwo jẹ́ àpẹẹrẹ, kì í ṣe ẹ̀rí.

Lẹ́yìn èyí, ìbéèrè mẹ́rin ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa bi ẹnikẹ́ni tí ó bá sọ pé epo kan mọ́: Èwo nínú ohun tí ó wà nínú èéfín ni ó dín kù? Èwo ni ó pọ̀ sí i? Irú ẹ̀rọ wo ni wọ́n fi dán an wò? Níbo ni epo náà ti wá?

Ìkádìí

Báyódísẹ̀lì kì í ṣe ẹ̀tàn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìwòsàn gbogbo àrùn. Ó ń dín kábọ̀nù ọlọ́síjìn-kan, epo tí kò jóná tán àti èérún èéfín kù. Ó lè fi díẹ̀ kún náítírójìn ọlọ́síjìn. Ní ti kábọ̀nù ọlọ́síjìn-méjì, oko ni yóò dájọ́. Olùkọ́ tí ó bá lè sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ní Yorùbá tí ó yé ọmọ ọdún mẹ́wàá ti ṣe ju kí ó kọ́ ọ ní orúkọ epo tuntun lọ. Ó ti kọ́ ọ pé kí ó má fi dúdú èéfín nìkan mọ ibi tí ewu wà, àti pé bí ògiri ẹ̀yìn ilé ẹ̀rọ bá tilẹ̀ funfun, kí ó máa ṣeré rẹ̀ níbòmíràn.